Browser wo ni kí n gbé kalẹ̀ ní káfè mi? Kọ̀ǹpútà ti ń wúwo jù

Ìyá Káfè Ọbálèńdé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní káfè kékeré kan ní Ọbálèńdé, Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Fọ́ọ̀mù JAMB àti WAEC, èsì ìdánwò títẹ̀ jáde, CV kíkọ, irú iṣẹ́ wa nìyẹn. Ojúde Ọba sì ń bọ̀, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ bánà àti ìwé ìpè wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń ya gbogbo rẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà. Windows 10 ló wà lórí púpọ̀ nínú wọn, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 4GB. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣì ń lo Windows 7, mi ò sì lè gbé e jù nítorí òun nìkan ni pírińtà ńlá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tí ọmọ yẹn bá ti ṣí ibi tó ti ń ya bánà, tí mo bá tún ṣí fọ́ọ̀mù ẹnì kan lórí ẹ̀rọ kan náà, ó parí. Gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi, àwa àti oníbàárà á jọ máa wo òbírí kékeré tó ń yí lójú ẹ̀rọ.

Ẹnì kan ní kí n pààrọ̀ browser, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì. Ẹlòmíì ní kò sí ìyàtọ̀, pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ta ló ń sọ òótọ́? Tí mo bá sì máa pààrọ̀, mi ò fẹ́ kí àwọn páswọ́ọ̀dù tí mo ti tọ́jú sọnù. Nǹkan mìíràn tún wà: àwọn èèyàn a máa fi ímeèlì wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí tí wọ́n bá ń lọ. Lánàá, ọmọkùnrin kan jókòó, ímeèlì ìyàwó oníyàwó ló yọ sí i lójú. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Màkún (Ṣàgámù)

Opera Mini. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ lọ sùn. Láyé Nokia, nígbà tí 10MB jẹ́ owó gidi, òun ló jẹ́ ká mọ Facebook. Dátà yín á pẹ́ títí.

Ẹlẹ́rọ Ìperu

Ọmọ Màkún, ti fóònù ni Opera Mini. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ni Opera fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí tí browser òde òní fi ń jẹ RAM ni pé ó ń ya àwọn táàbù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé áàpù tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Chrome ló sọ ọ́ di àṣà nígbà tó jáde ní 2008. Tí ojú ìwé kan bá dákú, ìyókù á máa bá iṣẹ́ lọ, ojú ìwé oníjìbìtì kan ò sì ní rí ọ̀nà yọjú sí ohun tó wà nínú táàbù kejì. RAM la fi ń san owó rẹ̀. Firefox náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí náà ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu tí ẹ bá kó lọ síbẹ̀.

Kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ wọ Settings, ẹ wá Performance, ẹ tan Memory Saver tó bá jẹ́ Chrome ni. Nínú Edge, Sleeping tabs ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 2021. Táàbù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀ á sùn, RAM tó dì mú á padà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á jí. Chrome kì í sábà jẹ́ kí táàbù tí fọ́ọ̀mù tí ẹ ò tíì kọ tán wà nínú rẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n kí ọkàn yín lè balẹ̀, ààyè wà níbẹ̀ tí ẹ lè kọ àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tí kò gbọdọ̀ sùn sí. Ẹ kọ gbogbo ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ ń lò síbẹ̀.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ń bà mí lẹ́rù. Chrome 109, ti oṣù kìíní 2023, ni ìkẹyìn tó gba Windows 7. Lẹ́yìn rẹ̀, Chrome kẹ̀yìn sí i. Firefox ló ṣì ń ṣàánú: wọ́n dá ẹ̀yà 115 ESR (irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́) sí fún àwọn tó wà lórí Windows 7 àti 8, wọ́n sì sún ọjọ́ òpin rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ gbé ìyẹn sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ náà tẹ̀wé nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ báńkì lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Bọ̀dá Màkún, ẹ má bínú, Opera Mini fún fọ́ọ̀mù kẹ̀? Tó bá wà lórí Extreme, ètò inú rẹ̀ tó ń dín dátà kù jù, fóònù yín kọ́ ló ń ṣí ojú ìwé. Kọ̀ǹpútà Opera ló ń bá yín ṣí i lọ́hùn-ún, á rún un pọ̀, á wá fi èyí tó ti fúyẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Ìdí tí dátà fi ń pẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n JavaScript, èyí tó ń mú kí bọ́tìnì àti àpótí inú ìkànnì dáhùn, kì í rí ààyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ níbẹ̀. Ẹ mú Ògùn níbi tí wọ́n ti bi yín ní ìpínlẹ̀, àpótí ìjọba ìbílẹ̀ tó yẹ kó kún fún Odogbolu àti Ìkẹ́nnẹ́ àti ìyókù á wà lófìfo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn.

Tó bá jẹ́ pé dátà ló ń dun Màmá, ìpolówó ni kí ẹ pa. Fídíò tó ń dá ṣeré, àwòrán tó ń fò sókè sódò, àwọn ló ń mu dátà, kì í ṣe ìròyìn tí ẹ fẹ́ kà. Firefox gba uBlock Origin, èròjà àfikún tó ń dí ìpolówó, lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbà á lórí fóònù Android náà. Chrome ti Android kò gba irú èròjà àfikún bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí kọ̀ǹpútà, láàárín 2024 sí 2025 ni Chrome ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àwọn èròjà tó wà lórí ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Manifest V2, uBlock Origin sì bá a lọ. uBlock Origin Lite ló kù fún wọn, agbára rẹ̀ ò tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló torí ìyẹn nìkan kó ẹrù wọn lọ sí Firefox.

Ọmọ Màkún (Ṣàgámù)

Àbúrò, Extreme lò ń sọ. High wà níbẹ̀! Yí i sí High, ojú ìwé á ṣí bó ṣe yẹ kó ṣí, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ á yọ. Òótọ́ ni pé dátà tó ń dín kù níbẹ̀ ò tó ti Extreme, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń ka ìròyìn nínú bọ́ọ̀sì láti Ṣàgámù sí Ìkòròdú, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, wá sọ fún mi bóyá Firefox òun ṣí. Gbogbo èèyàn kọ́ ló ní Wi-Fi yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Wi-Fi wo, sà? 😂

Oníṣòwò Pákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Chrome ni mo ń lò lórí fóònù tẹ́lẹ̀ torí Lite mode tó wà nínú rẹ̀, tó ń dín dátà kù. Ní oṣù kẹta 2022 wọ́n yọ ọ́, mo bá lọ sí Opera Mini. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó àwọn oníbàárà tó ra pákó lọ́wọ́ mi, mò ń wọ ìkànnì báńkì láti ibẹ̀. Ṣé ohun tí ọmọ Àgọ́ ń sọ ni pé páswọ́ọ̀dù báńkì mi ń gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá?

Ẹ̀gbọ́n mi tún sọ pé àwọn ará Ṣáínà ti ra Opera.

Ẹlẹ́rọ Ìperu

Oníṣòwò, lórí Extreme, bẹ́ẹ̀ ni. Opera fúnra wọn ò fi pamọ́: ọ̀nà láti fóònù yín dé ọ̀dọ̀ wọn ní ààbò, ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ wọn dé báńkì ní ààbò, ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n tó lè rún un pọ̀. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Mo kàn ń sọ pé áàpù báńkì yín ni kí ẹ lò fún owó, tàbí browser tó ń bá báńkì sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ fi Opera Mini ka ìròyìn.

Ní ti Ṣáínà, ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Norway ni wọ́n ti dá Opera sílẹ̀, ní 1995, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló ra ẹ̀ka browser náà ní 2016. Oslo ṣì ni olú ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹ rántí pé àwọn kan náà ló gbé OPay wọ Nàìjíríà ní 2018, tí POS rẹ̀ kún gbogbo ìkóríta báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ẹni tó ni ín kó tó gbowó. Ọ̀gá Opera tẹ́lẹ̀, Jon von Tetzchner, ti kúrò níbẹ̀ láti 2011, ó sì lọ ṣe Vivaldi fún àwọn tí inú wọn ò dùn sí ibi tí nǹkan ń lọ.

Tíṣà Ìsarà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èyí tó dára jù ló máa ń borí. Irọ́ ni. Èyí tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ kí o tó rà á ló máa ń borí.

Netscape ló kọ́kọ́ ní ọjà náà, láti 1994. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Microsoft gbé Internet Explorer jáde, nígbà tó sì yá wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Windows pátápátá. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà ti ra browser. Ta ló tún máa lọ wá òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìlà tẹlifóònù tó ń wọ́ bí ìgbín nígbà náà? Ìjọba Amẹ́ríkà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní 1998, ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé ibi kankan, Netscape ti di ẹni ìgbàgbé. Inú ohun tó fi sílẹ̀ ni Mozilla ti jáde, Firefox 1.0 sì dé ní oṣù kọkànlá 2004.

Ẹ wò ó, nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, lẹ́tà "e" aláwọ̀ búlúù yẹn ni wọ́n ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lójú ẹ̀rọ, wọ́n á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Kí ló wá lé àwọn èèyàn kúrò lórí rẹ̀? Wọ́n borí tán, wọ́n bá sùn. Láti ẹ̀yà kẹfà ní 2001, ọdún 2006 ni ẹ̀yà keje tó jáde. Láàárín ìgbà yẹn, fáírọ́ọ̀sì ń gba ibẹ̀ wọlé, fèrèsé ìpolówó ń fò jáde lé ara wọn lórí, Firefox sì dé pẹ̀lú táàbù, ó sì ń dí àwọn fèrèsé náà. Chrome wá dé ní 2008, ó yára ju gbogbo wọn lọ, Google sì ń polówó rẹ̀ lójú ìwé tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2022 ni Microsoft sin Internet Explorer.

Nǹkan ti wá yí padà? Rárá o. Ní 2022 nìkan, 20 bílíọ̀nù dọ́là ni Google san fún Apple kó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni Safari á ti máa wá nǹkan fún èèyàn. Ilé ẹjọ́ ló jẹ́ ká mọ̀. Adájọ́ Amit Mehta dá a lẹ́bi ní oṣù kẹjọ 2024 pé ó fi ọ̀nà àìtọ́ di ọjà ìṣàwárí mú. Ìjọba ní kó ta Chrome, adájọ́ kọ̀ ìyẹn ní oṣù kẹsàn-án 2025. Firefox tí ẹ sì ń yìn yìí, ọwọ́ Google kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla ti ń wá. Ẹ rò ó wò.

Ẹlẹ́rọ Ìperu

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo fẹ́ fi kún un, àmọ́ mo fẹ́ ta ko ibì kan pẹ̀lú àṣẹ yín. Kò sí kọ̀ǹpútà Windows tó gbé Chrome wá láti ilé-iṣẹ́ Microsoft, Edge ló ń bá a wá. Síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi Edge ṣe ni pé wọ́n fi ń gba Chrome wálẹ̀. Torí náà èèyàn lè fi èyí tó wà lórí ẹ̀rọ sílẹ̀ tí òmíràn bá wù wọ́n tó. Lórí fóònù ni ọ̀rọ̀ yín ti fìdí múlẹ̀, torí Chrome ti wà lórí Android kí èèyàn tó ra fóònù.

Màmá bèèrè bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìdáhùn: púpọ̀ nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì (apá tó ń ka ìkànnì tó sì ń gbé e síta lójú ẹ̀rọ) tó wà nínú Chrome náà ló wà nínú Edge láti oṣù kìíní 2020, nínú Opera láti 2013, nínú Brave, nínú Vivaldi. Chromium ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ sí i ló yàtọ̀: èyí ní ohun tó ń dí ìpolówó, tọ̀hún rọra ń lo RAM. Firefox ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, Gecko. Safari náà ní tirẹ̀, WebKit. Àǹfààní rẹ̀ fún káfè ni pé ìkànnì tó bá kọ ọ́ sójú pé "Chrome ni kí ẹ lò" á ṣiṣẹ́ nínú Edge láìsí wàhálà.

Ìlíṣàn Lẹ́yìn Odò (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Èmi kúrò lórí Safari lọ sí Chrome lórí iPhone mi, ìkànnì ń ṣí wàì. Ẹ́ńjìnnì Chrome dára ju ti Safari lọ, kò sí àríyànjiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì kan náà lẹ ṣì ń lò o. Apple kò gbà kí browser kankan lo ẹ́ńjìnnì mìíràn lórí iPhone níbí, WebKit ni gbogbo wọn ń lò, Chrome, Firefox, gbogbo wọn. Òfin Yúróòpù ló fipá mú wọn ṣílẹ̀kùn ní 2024, kò sì kan tiwa níbí. Bóyá ohun tí Safari yín ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló pọ̀ jù, tí Chrome yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlíṣàn Lẹ́yìn Odò (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Hmm. Ó ṣì yára ṣá.

Àǹtí Agbẹjọ́rò (Ìkẹ́nnẹ́)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ RAM, ẹnikẹ́ni ò dáhùn ìbéèrè ìyá yìí nípa ímeèlì ìyàwó oníyàwó. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti 2023, ẹni tó bá ń gba ìwé àti orúkọ àwọn èèyàn wọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ojúṣe.

Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà kankan jókòó sí ojú browser tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Chrome àti Edge ní ibi tí wọ́n ń pè ní Guest. Ẹ tẹ àwòrán orí tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún nínú Chrome (nínú Edge, ọwọ́ òsì lẹ máa rí i), ẹ mú Guest. Ẹni náà ò ní rí páswọ́ọ̀dù yín, bó bá sì ti pa fèrèsé náà, ímeèlì tó ṣí á ti ara rẹ̀ pa. Nínú Firefox, ẹ wọ Settings, Privacy & Security, ẹ ní kó máa pa cookies (ààmì tí ìkànnì fi ń rántí ẹni tó wọlé) rẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ti Firefox.

Ohun kan wà tí Guest kì í pa: fáìlì tí wọ́n gbà wálẹ̀. Ẹ lọ wo Downloads lórí àwọn ẹ̀rọ yín ní báyìí, ẹ máa bá ìwé ẹ̀rí WAEC, ìwé NIN àti àwòrán pásípọ́ọ̀tù àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ máa kó wọn dànù ní gbogbo alẹ́ kí ẹ tó tilẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ Recycle Bin náà dòfo. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan yín pé Incognito ń fi èèyàn pamọ́ fún ẹni tó ni Wi-Fi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kì í ti í tọ́jú ìtàn.

Ní ti kíkó páswọ́ọ̀dù: browser tuntun á sábà béèrè bóyá kí òun kó o láti inú ti àtijọ́, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá kọ̀, ẹ wọ ibi páswọ́ọ̀dù nínú Settings ti àtijọ́, ẹ mú Export, á fún yín ní fáìlì CSV (àkọsílẹ̀ lásán), ẹ wá gbé e wọ inú tuntun. Páswọ́ọ̀dù inú CSV yẹn wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè kà á. Bí ẹ bá ti gbé e wọlé tán, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má fi sórí fláàṣì.

Ìyá Káfè Ọbálèńdé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àǹtí, mo lọ wo Downloads bí ẹ ṣe wí. Olúwa ṣàánú. Ìwé ìbí àwọn ọmọ tó ti wà ní yunifásítì báyìí ló wà níbẹ̀. A ti kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Edge ni mo fi sílẹ̀ lórí àwọn Windows 10, níwọ̀n ìgbà tó ti wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì jẹ́ ti Chrome. Ọmọ mi tan Sleeping tabs, ó sì ṣe Guest sójú ẹ̀rọ fún àwọn oníbàárà. Ó fúyẹ́ díẹ̀, kò fúyẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Bánà ṣì ń mú un dúró tí àwòrán bá pọ̀. Firefox ESR ló wà lórí ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìtẹ̀wé nìkan, wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "MÁ FI WỌ BÁŃKÌ".

Ìbéèrè kan kù: tí mo bá tẹ èsì jáde láti inú Firefox yìí, àdírẹ́sì ìkànnì gígùn kan àti déètì a máa jáde lókè àti nísàlẹ̀ ìwé. Òbí kan kọ̀ láti gbà á, ó ní ó dà bíi pé a ṣe èrú. Báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́?

Ẹlẹ́rọ Ìperu

Màmá, RAM tí ẹ bá lè fi kún 4GB yẹn ló máa yanjú ọ̀rọ̀ bánà, browser kankan ò lè ṣe é. Ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù náà ní in. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà dání lọ síbẹ̀ torí RAM laptop àti ti desktop ò bá ara wọn mu.

Ti ìtẹ̀wé: bí ẹ bá ti tẹ Ctrl àti P, ojú ìwé ìtẹ̀wé á yọ. Ẹ tẹ More settings nísàlẹ̀, ẹ wá Print headers and footers, ẹ yọ ààmì inú àpótí rẹ̀ kúrò. Nínú Edge, Headers and footers lásán ni wọ́n kọ, àpótí kan náà ni. Ẹ wo àwòrán ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ Print. Tí àdírẹ́sì náà bá ti lọ níbẹ̀, á ti lọ lórí ìwé.